Ẹsẹ̀ Tí Ọkọ̀ Ń Rù Lórí

Ẹ dúró létí títì ní Mọ́níyà lásìkò tí àwọn ará oko ń kó ẹrù wọ̀lú, kí ẹ máa wo àwọn ọkọ̀ tó ń bọ̀. Ẹ̀gẹ́ wà níbẹ̀, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wà níbẹ̀, iṣu, àpò gaàrí, àti ewúrẹ́ tí wọ́n so lẹ́sẹ̀. Láàárín gbogbo rẹ̀, ẹ óò rí táyà kan tó dùbúlẹ̀ sórí ọkọ̀. Ọ̀kan nínú ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ bi mí pé kí ló gbé e débẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé ẹni tó ṣe ọkọ̀ ti ṣe àyè fún sípíà kó tó gbé ọkọ̀ náà jáde. Ìbéèrè tó dára ni. Ìdáhùn rẹ̀ gùn ju bí mo ti rò lọ, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́ síbí.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ látinú èdè, torí ibẹ̀ ni mo mọ̀ jù. Nígbà tí mọ́tò dé ilẹ̀ wa, a ò wá orúkọ jìnnà fún un, ara èèyàn la wò. Táyà di ẹsẹ̀ ọkọ̀, ibi tí èrò ń jókòó sí di inú ọkọ̀, òkè rẹ̀ pátápátá di orí ọkọ̀. Sípíà nìkan ni kò rí orúkọ gbà, torí kò sí ẹni tó ń gbé ẹsẹ̀ kan sápò kiri nítorí ìgbà tí ti ilẹ̀ bá dá. Ní kíláàsì wa nígbà kan, àwọn kan dábàá “ẹsẹ̀ àfipamọ́”. Ó dùn létí. Ṣùgbọ́n ẹ lọ pè é bẹ́ẹ̀ fún fọganáísà ní Ìyànà Ọ̀fà, kí ẹ wo bí yóò ṣe wò yín! Sípíà ló mọ̀.

Àwọn ará Íńdíà ní tiwọn ń pè é ní “stepney” títí dòní. Orúkọ òpópónà kan ni, ní Llanelli, ní Wales, níbi tí àwọn ọmọ ìyá kan tó ń jẹ́ Davies ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe sípíà tà ní 1904. Kó tó dìgbà yẹn, mọ́tò kì í gbé sípíà dání. Bí táyà bá jò, awakọ̀ á bọ́ sílẹ̀, á tú u, á lẹ̀ ẹ́, á fẹ́ ẹ lójú ọ̀nà níbẹ̀.

Ọdún méjì péré lẹ́yìn náà ni ọ̀nà mọ́tò dé ọ̀dọ̀ wa. Rélùwéè ti wọ Ìbàdàn ní 1901. Ní 1906, ìjọba àwọn òyìnbó la ọ̀nà mọ́tò láti Ìbàdàn lọ sí Ọ̀yọ́, ilẹ̀ Akínyẹlé ló sì gbà kọjá. Òun ni ọ̀pọ̀ òpìtàn kà sí ọ̀nà mọ́tò àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà.

Ta ló ń gbé ẹrù kó tó dìgbà yẹn? Orí ni. Epo, èkùrọ́, òwú, àgbàdo, orí alárù ló gbé gbogbo rẹ̀. Alárù kì í ṣe òmùgọ̀ o. Á ká ọ̀ṣùká, á gbé ẹrù lé e láàárín gan-an, ọrùn rẹ̀ á sì máa bá ẹrù ṣe. Bí ẹsẹ̀ bá kọ gbòǹgbò, kí òun fúnra rẹ̀ tó mọ̀, ọrùn ti dá ẹrù padà sípò. Ọrùn yẹn ni àṣírí iṣẹ́ náà. Nígbà tí ọkọ̀ dé, a gbé àṣà ẹrù rírù tiwa lé e lórí, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ò lọ́rùn. Ohun tí ọrùn ń ṣe fún alárù, okùn nìkan ló lè ṣe é fún ọkọ̀.

Ayé bọ́lẹ̀kájà ni okùn yẹn di iṣẹ́ tí wọ́n ń kọ́. Bedford, Austin, Commer: ẹ́ńjìnnì àti ṣásì ni wọ́n ń kó wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn káfíńtà wa ló ń fi pákó kan ara yòókù. Bí wọ́n ti ń kan òrùlé ilé ni wọ́n ń kan ti ọkọ̀, ó le, ó gba ẹrù. Ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ ló ń gun òkè lọ dì í. Ó lè lo ọdún púpọ̀ nídìí okùn àti wẹ́ẹ̀jì kí ọ̀gá rẹ̀ tó jẹ́ kó di ọwọ́ ọkọ̀ mú. A kì í ka irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ sí ẹ̀kọ́ nígbà tí a bá ń kọ ìtàn ètò ẹ̀kọ́ ní ilẹ̀ yìí, ó sì ń dùn mí.

Lẹ́yìn bọ́lẹ̀kájà ni Peugeot 504 dé, pàápàá láti 1975 tí wọ́n ti ń tò ó pọ̀ ní Kàdúná. Ẹ rántí èyí tó gùn, tó ní ìjókòó mẹ́ta. Abẹ́ ìdí ọkọ̀ lọ́hùn-ún ni àyè sípíà rẹ̀ wà. Ní ìlú Faransé, ibẹ̀ dára. Ní ọ̀nà Akànrán lójò ńkọ́? Ẹrẹ̀ á bò ó, òkúta á máa gbá a, olè á sì rọra yọ ọ́ lóru. Àwọn ọkọ̀ tí wọ́n ṣe àyè sípíà sínú búùtù ní wàhálà tiwọn. Ká ní táyà jò láàárín Lálúpọn àti abúlé kan nírọ̀lẹ́, tí búùtù kún fún iṣu dé ẹnu. Kí dírẹ́bà tó lè fọwọ́ kan sípíà, ó di dandan kó kó gbogbo iṣu yẹn sílẹ̀ nínú ẹrẹ̀, kó tún un kó padà nínú òkùnkùn. Ẹni tó bá ti ṣe é lẹ́ẹ̀kan kò ní dúró de ẹ̀ẹ̀kejì, á gbé sípíà lọ sórí ọkọ̀. Nítorí náà, ẹ má pè é ní àìmọ̀kan. Ọ̀nà ló gbé táyà gun orí ọkọ̀.

Ọ̀rọ̀ ọ̀nà yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré lọ́dọ̀ àwọn ará oko. Nígbà tí àwọn àgbẹ̀ dìde ní 1968, nínú ìjà Àgbẹ̀kọ̀yà tí Tàfá Adéoyè ará Akànrán jẹ́ olórí nínú rẹ̀, owó orí la máa ń rántí, pé àwọn ò ní san ju ọgbọ̀n ṣílè lọ. Ṣùgbọ́n àtúnṣe ọ̀nà abúlé wà lára ohun tí wọ́n béèrè. Ẹ lọ wo àwọn ọ̀nà náà lónìí kí ẹ tó bi mí pé ṣé wọ́n rí i gbà.

Ní 1977, ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ dá ẹ̀ṣọ́ ojú pópó tirẹ̀ sílẹ̀, Wọlé Ṣóyínká sì kó ipa ńlá nínú rẹ̀. Ti ìjọba àpapọ̀ tẹ̀ lé e ní 1988. Láti ìgbà náà, bí wọ́n bá dá ọkọ̀ dúró, wọ́n á bèèrè sípíà àti jáàkì. Bí sípíà náà ṣe wà lórí ọkọ̀, ó ṣọ̀wọ́n kí n tó rí ẹni tó bèèrè. Ó sì yẹ ká máa bèèrè. Ọkọ̀ tó ń sá ní kìlómítà 80 ní wákàtí kan ń gba nǹkan bíi mítà 22 kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Bí dírẹ́bà bá tẹ búrẹ́kì lójijì, ọkọ̀ á dúró, ṣùgbọ́n táyà tí a ò dì dáadáa kò mọ̀ pé a ti dúró. Á máa bá eré tirẹ̀ lọ pẹ̀lú irin ríìmù tó wà nínú rẹ̀. Ẹni tó ń ta búrẹ́dì létí títì ni yóò pàdé, tàbí ọlọ́kadà.

Báwo ni àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe ń dì í? Wọn kì í gbé e dúró, torí afẹ́fẹ́ á máa tì í, bí eré bá sì di ìlọ́po méjì, agbára afẹ́fẹ́ á di ìlọ́po mẹ́rin. Wọ́n á tẹ́ ẹ sílẹ̀ gbalaja, láàárín kẹ́ríà, kó jókòó lórí irin tó nípọn, kì í ṣe lórí páànù òrùlé. Èyí tó dára jù ni kí bóòtì gígùn kan ti ìsàlẹ̀ kẹ́ríà gba ihò àárín ríìmù jáde, kí irin pẹlẹbẹ kan bò ó lókè, kí nọ́ọ̀tì sì fún un mọ́lẹ̀. Bí kò bá sí bóòtì, okùn méjì á gba inú ríìmù kọjá ní àgbélébùú, wọ́n á so ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, kí ọ̀kan lè dì í mú bí èkejì bá já. Rọ́bà tí wọ́n gé lára túùbù dára láti fi kún un, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ dá nìkan dì í, torí rọ́bà a máa nà, ohun tó bá ń nà á jẹ́ kí táyà máa ta sókè ní gbogbo gegele. Okùn tí wọ́n fi èèpo igi tàbí ewé hun a máa fún bí òjò bá pa á, á sì dẹ̀ bí oòrùn bá gbẹ ẹ́. Ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà dírẹ́bà fi ń bọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn ìrìn díẹ̀ láti tún un fà.

Ẹrù mìíràn ńkọ́? Mo ti rí ibi tí wọ́n ti gbé apẹ̀rẹ̀ tòmátì sí àárín sípíà, tí táyà di ọ̀ṣùká. Ó wù mí, ẹ má bínú, onímọ̀ èdè ni mí. Ṣùgbọ́n bí táyà ilẹ̀ bá jò, apẹ̀rẹ̀ yẹn lẹ máa kọ́kọ́ tú o, àǹfààní orí ọkọ̀ ti lọ nìyẹn.

Oòrùn tún wà níbẹ̀. Oòrùn ń jẹ rọ́bà. Sípíà tó ti wà lórí ọkọ̀ fún ọdún mẹ́rin láìfẹsẹ̀ kan ilẹ̀ lè ti sán wẹ́rẹwẹ̀rẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹni tó ni ín sì máa pè é ní táyà tuntun. Ẹ bò ó, kí ẹ sì jẹ́ kí fọganáísà máa wọn afẹ́fẹ́ rẹ̀. Ọjọ́ orí rẹ̀ wà lára rẹ̀: nọ́ḿbà mẹ́rin tó kẹ́yìn ọ̀rọ̀ DOT. 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 ní ọdún 2019. Ó ṣe pàtàkì báyìí ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, torí Michelin ti ilé iṣẹ́ rẹ̀ ní Port Harcourt pa ní 2007, Dunlop náà sì dáwọ́ táyà ṣíṣe dúró ní Ìkẹjà láìpẹ́ sígbà náà, tòkunbọ̀ wá pọ̀ lọ́jà. Orúkọ ọmọ tí wọ́n bí sókè òkun tó sì padà wálé la fún táyà tí ẹlòmíì ti lò tì. Èdè wa láàánú.

Micra ló gba ìgboro Ìbàdàn báyìí, ó sì ti wọ oko. 504 ní etí yíká òrùlé rẹ̀, níbi tí omi òjò ń gbà ṣàn, etí yẹn sì ni ẹsẹ̀ kẹ́ríà ń dì mú. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ìsinsìnyí kò ní irú etí bẹ́ẹ̀ mọ́, òrùlé wọn sì fẹ́lẹ́. Ohun tí àwọn tó ń ṣe ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré gbà láàyè lókè kò ju kìlógíráàmù 50 sí 75 lọ, pẹ̀lú kẹ́ríà fúnra rẹ̀. Mo ti rí èyí tí wẹ́dà jó irin mọ́ lórí, tí ìpẹtà sì ti ń jẹ ojú ibi tó jó.

Kí n tó wọ ọkọ̀ ní Ẹgbẹ́dá, mo máa ń na ọwọ́ sókè mi táyà yẹn wò. Bí ó bá yẹ̀, mo máa ń sọ fún dírẹ́bà. Àwọn kan á ní, “Bàbá, ẹ wọlé jàre, ó ti wà bẹ́ẹ̀ tipẹ́.” Àwọn mìíràn á gun òkè lọ fà á, èrò á sì máa kùn pé mo ń fi àkókò àwọn ṣòfò.