Téèpù Jimi Hendrix ní BBC: Ọjọ́ Wo Ni Ká Gbà?

Ẹni tó bá fẹ́ to orin tí Jimi Hendrix kọ fún rédíò BBC bó ṣe tẹ̀ léra, ọ̀rọ̀ ọjọ́ ni yóò kọ́kọ́ tojú sú u. Ìwé kan á ní ọjọ́ 13, oṣù Kejì, ọdún 1967 ni Hendrix, Noel Redding tó ń ta gìtá báàsì àti Mitch Mitchell onílù ṣe “Stone Free” àti “Foxey Lady” fún ètò Saturday Club. Òmíràn á ní ọjọ́ 18 ni. Kò sí èyí tó parọ́: ọjọ́ 13 ni wọ́n gbohùn sílẹ̀, ọjọ́ 18 ni orin ọ̀hún dé etí ará ìlú. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ètò Top Gear: ọjọ́ 6, oṣù Kẹwàá ni iṣẹ́, ọjọ́ 15 ni ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́; ọjọ́ 15, oṣù Kejìlá ni iṣẹ́, ọjọ́ 24 ni ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́. Àwọn kan á sọ pé ọjọ́ tí àwọn olùgbọ́ mọ̀ ló yẹ ká tẹ̀ lé, nítorí tiwọn ni rédíò. Ọ̀rọ̀ wọn ní orí, ṣùgbọ́n rédíò lè gbé orin kan sáfẹ́fẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ta gìtá yẹn. Ọjọ́ iṣẹ́ ni kó ṣíwájú, kí ọjọ́ ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ tẹ̀ lé e.

Bí a bá ti gba èyí, àṣìṣe tó wà nínú orúkọ àwo tí ilé iṣẹ́ Rykodisc gbé jáde ní 1988 á hàn kedere. “Radio One” ni wọ́n pè é, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ 30, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1967 ni ìkànnì BBC Radio 1 ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Orin oṣù Kejì àti ti ọjọ́ 28, oṣù Kẹta, níbi tí “Purple Haze” wà, ti ìkànnì BBC Light Programme ni. Èyí tí wọ́n ṣe fún ètò Alexis Korner ní ọjọ́ 17, oṣù Kẹwàá, ìkànnì BBC World Service ló ni ín. Nínú ìgbà márààrún tí wọ́n wọ sítúdíò, méjì péré ni orúkọ náà bá mu. Àwọn kan tún máa ń ní iṣẹ́ sítúdíò kò ṣeé kà sí orin ojúkojú, nítorí kò sí èrò níwájú olórin. Ẹ wo ohun tó bí i nígbà náà: àdéhùn pẹ̀lú àwọn ilé iṣẹ́ àwo àti ẹgbẹ́ olórin dín wákàtí tí BBC lè fi lo àwo lójúmọ́ kù, torí náà olórin gbọ́dọ̀ wá fúnra rẹ̀. Wákàtí díẹ̀ ni wọ́n ń fún un. Ọ̀pọ̀ oṣù ni àwo rẹ̀ “Electric Ladyland” gbà, torí náà iṣẹ́ BBC sún mọ́ orin ojúkojú ju àwo lọ.

Ní ti ohun tó yẹ kó wọ inú àtòkọ, èmi ò ní yọ eré ọjọ́ 6, oṣù Kẹwàá kúrò, nígbà tí Stevie Wonder jókòó sídìí ìlù Mitchell. Eré ọ̀hún rí jágbajàgba lóòótọ́, àwo 1988 sì fò ó; àwo “BBC Sessions” ti 1998 ló dá a padà. Ní ti ohùn John Lennon tí wọ́n ní ó wà nínú “Day Tripper”, àròsọ ni. Redding ló ń gbè é.  Àwo 1998 yẹn fi ètò tẹlifíṣọ̀n olórin Lulu ti ọjọ́ 4, oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 1969 kún un, níbi tí Hendrix ti dá “Hey Joe” dúró lójijì láti fi orin ẹgbẹ́ Cream júbà fún ẹgbẹ́ náà tó ti túká. Eré náà dùn dọ́ba, ṣùgbọ́n ti tẹlifíṣọ̀n ni. Ìparí àtòkọ ni àyè rẹ̀. Ní 2010 wọ́n tún gbé àwo náà jáde, pẹ̀lú DVD.