Láyípo: Ilé Gíga Tí Kò Ní Òkun

Ẹni tó bá dúró ní Àrẹ̀mọ, tó gbójú sókè sí Òkè Ààrẹ, yóò rí ilé tín-ín-rín kan tó ga fíofío. Ó jọ ilé iná tí wọ́n máa ń kọ́ sí erékùṣù láti fi ọ̀nà han àwọn atukọ̀. Ṣùgbọ́n kò sí òkun ní Ìbàdàn, kò sì sí iná lórí ilé yìí. Láyípo ni.

Ọdún 1936 ni wọ́n kọ́ ọ. Gíga rẹ̀ tó 60 ẹsẹ̀ bàtà. Àtẹ̀gùn 47 ló wà nínú rẹ̀, tó ń yí po bí ìkarahun ìgbín títí dé òkè. Ibẹ̀ ni orúkọ rẹ̀ ti wá. Tí ẹ bá gùn ún dé òkè, ẹ kọ́kọ́ mí ná, kí ẹ tó wo Mápó, Bẹẹrẹ àti Ọjà'ba, títí dé Ilé Kòkó ní Dùgbẹ̀.

Orúkọ Captain Robert Lister Bower ni wọ́n fi sọ ilé náà. Òun ni ajẹ́lẹ̀ òyìnbó àkọ́kọ́ ní Ìbàdàn, lẹ́yìn àdéhùn oṣù kẹjọ ọdún 1893. (Ìbàdàn tó ti ń rán ajẹ́lẹ̀ sí Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà wá gba ajẹ́lẹ̀ tirẹ̀!) Bower yìí kan náà ló yin àgbá lu Ọ̀yọ́ ní oṣù kọkànlá ọdún 1895, nígbà tí òun àti Aláàfin Adéyẹmí Kìíní kọlura.

Kí ló wá dé tí ìlú Yorùbá fi gba ilé ìrántí irú ẹni bẹ́ẹ̀? Lójú tiwa, ọdún tí wọ́n kọ́ ọ ni kí ẹ wò. Láyé Captain Ross, àwọn òyìnbó fi Ìbàdàn sábẹ́ Aláàfin. 1934 ni wọ́n tó yọ ọ́ kúrò níbẹ̀. Ní 1936 yẹn gan-an ni Baálẹ̀ Òkúnọlá Abáàsì di Olúbàdàn. Ìlú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lábẹ́ Ọ̀yọ́ lè má bínú púpọ̀ sí ẹni tó yìnbọn lu Ọ̀yọ́. Ẹ̀yin ọmọ Ọ̀yọ́ tó wà ní kíláàsì wa, ẹ forí jì wá.

Bower fúnra rẹ̀ kò rí ilé náà, ó ti kú láti 1929. Orúkọ rẹ̀ pàápàá kò fi bẹ́ẹ̀ dúró lẹ́nu ará ìlú. Ẹ sọ fún ọlọ́kadà ní Bẹẹrẹ pé ilé Bower lẹ ń lọ, ẹ ó ṣàlàyé títí. Ẹ ní Láyípo, ó ti gbéra.