Láṣẹkàn: Ọwọ́ Tó Ya Kàtúùnù Ló Ya Àwòrán Ọlọ́dà

Tí ọmọ bá ní kàtúùnù lòun fẹ́ máa yà, àwọn kan á ní kó lọ wá iṣẹ́ gidi ṣe. Kódà láàárín àwọn ayàwòrán, àwọn kan gbà pé èyí tí wọ́n fi ọ̀dà yà, tí wọ́n gbé kọ́ ara ògiri, nìkan ni iṣẹ́ ọnà, pé ẹ̀fẹ̀ lásán ni kàtúùnù. Ẹni tó bá mọ ìtàn Akínọlá Láṣẹkàn ò ní sọ bẹ́ẹ̀.

Ìjẹ̀bú-Ọ̀wọ̀ ni wọ́n ti bí i ní 1916. Ní 1944, ó ya Ajaka of Owo, àwòrán tó mú láti inú ìtàn Ọ̀wọ̀. Ọdún yẹn kan náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í ya kàtúùnù fún West African Pilot, ìwé ìròyìn tí Nnamdi Azikiwe dá sílẹ̀ ní Èkó ní 1937. "Lash" ló ń kọ sí ara wọn. Ọ̀pọ̀ òpìtàn kà á sí ẹni àkọ́kọ́ tó ya kàtúùnù òṣèlú ní Nàìjíríà.

Ṣé iṣẹ́ méjèèjì jìnnà síra ni? Rárá o. Ẹni tó ń ya ojú èèyàn gbọ́dọ̀ mọ ohun tó mú kí ojú lágbájá yàtọ̀ sí ti làkáṣègbè: imú, ẹ̀rẹ̀kẹ́, bó ṣe ń gbé ọrùn. Láṣẹkàn mọ̀ ọ́n dáadáa, òun ló ya àwòrán J. D. Akeredolu, gbẹ́nàgbẹ́nà ará Ọ̀wọ̀, ní 1957. Nínú kàtúùnù, ìlà díẹ̀ péré ló máa fi ṣe irú iṣẹ́ yẹn. Tí òǹkàwé ò bá dá ẹni náà mọ̀ lójú ẹsẹ̀, ẹ̀fẹ̀ ti kú nìyẹn. Èmi tí mò ń kọ kóòdù mọ̀ pé èyí tó kúrú gan-an ló máa ń le jù láti kọ.

Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ ni ibi tí wọ́n ń dé. Ẹyọ kan ni àwòrán ọlọ́dà, ẹni tó bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló máa rí i. Ìwé ìròyìn ń ti ọwọ́ bọ́ sí ọwọ́. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni Pilot fi ń kọ̀wé, ṣùgbọ́n ẹni tí ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì náà lè wo àwòrán kó sì mọ ẹni tí wọ́n ń bá wí. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ da iṣẹ́ sílẹ̀ jákèjádò Nàìjíríà ní 1945 torí ọ̀wọ́n gógó, ìjọba amúnisìn fòfin de Pilot ní oṣù keje. Wọn ò ka ìwé tí Láṣẹkàn ń yàwòrán sí yẹn sí eré.

Láṣẹkàn kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní iṣẹ́ ọnà ní Yunifásítì Nàìjíríà, Nsukka, kó tó kú ní 1972. Àwọn àwòrán ọlọ́dà rẹ̀ rí ẹni tọ́jú wọn. Kàtúùnù ní tiẹ̀, ìwé ọjọ́ kan ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí, irú ìwé tó máa ń pọ́n, tó sì máa ń rún wómúwómú tó bá pẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń ya kọ́míìkì lórí fóònù, ẹ má dúró de ẹni tó máa pè é ní iṣẹ́ ọnà. Ẹ kọ orúkọ àti ọjọ́ sí i, kẹ́ ẹ sì tọ́jú fáìlì rẹ̀ sí ju ibì kan lọ.