Ọjọ́ Orí àti Dídára Àwòrán Ilẹ̀ Láti Ojú Sátẹ́láìtì

Àwòrán ilẹ̀ tí a ń rí lórí Google Earth kì í ṣe ti ìṣẹ́jú tí a ń wò ó. Sátẹ́láìtì àti ọkọ̀ òfuurufú ni ó ya wọ́n ní ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí a tó so wọ́n pọ̀ di ọ̀kan. Nítorí náà, àwòrán àdúgbò méjì tí ó fara kanra lè fi ọdún púpọ̀ ju ara wọn lọ.

Dídára wọn pàápàá kò dọ́gba. Nínú àwòrán Landsat, ẹyọ àmì kan dúró fún ilẹ̀ mítà 30 ní òòró àti ìbú; ti Sentinel-2 jẹ́ mítà 10. Ilé kan ṣoṣo kì í hàn kedere nínú wọn. Ìkùukùu ìgbà òjò àti eruku ọyẹ́ sì máa ń bo ilẹ̀ wa, èyí tí ó ń mú kí àwòrán tí ó mọ́ ṣọ̀wọ́n.

Kí ẹni tí ó fẹ́ ra ilẹ̀ kíyè sí i: igbó tí ó rí lórí fóònù lè ti di ilé ẹlòmíràn. Google Earth Pro orí kọ̀ǹpútà máa ń fi ọjọ́ tí a ya àwòrán hàn, ó sì ní àwọn ti àtijọ́ fún ìfiwéra. Àmọ́ bí àwòrán tilẹ̀ jẹ́ tuntun, kò lè sọ ẹni tí ó ni ilẹ̀, tàbí bóyá ìjọba ti gbà á. Kí ẹ tó san owó, ẹ mú ìwé ìwọnlẹ̀ náà lọ sí ọ́fíìsì Surveyor-General ìpínlẹ̀ fún àyẹ̀wò.