Iná Ẹ́ńjìnnì ní Ẹnubodè Yewa

Nígbà tí a bá ń sọ ìtàn ilẹ̀ Yewa, ohun tí a sábà máa ń mẹ́nu bà ni ogun Dàhọ̀mì, àti ààlà tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé jọ fẹnu kò lé lórí ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹjọ ọdún 1889, èyí tí ó fi Ìlaròó àti Ayétòrò sí apá kan, tí ó sì fi Kétu àti Sàkétẹ́ sí apá kejì. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ó ti gba ẹnubodè yìí wọlé tí àwọn òpìtàn kò tíì kà sí. Èdè ni ohun náà: èdè tí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ fi ń sọ ohun tí ó ń ṣe é fún mẹkáníìkì.

Ní Kalifọ́níà ni èdè yìí ti ṣẹ̀. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, èéfín ọkọ̀ bo ìlú Los Angeles tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ń ta àwọn ènìyàn lójú. Ní 1956, Eugene Houdry, ọmọ ilẹ̀ Faransé tí ó ti di ará Amẹ́ríkà, gba ìwé-àṣẹ lórí ohun èlò kan tí í máa wẹ oró kúrò lára èéfín kí ó tó jáde. Òun ni a ń pè ní kátálíìsì, tí ó wà lójú ọ̀nà sàlẹ́ńsà. Láti 1975 ni a ti ń rí i nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tuntun ní Amẹ́ríkà. Irin iyebíye ni ó ń ṣe iṣẹ́ náà nínú rẹ̀: platinum, palladium àti rhodium. Òjé tí a ń pò mọ́ epo bẹntiróòlù láyé ìgbà náà sì ni olórí ọ̀tá rẹ̀, nítorí bí òjé bá ti bo àwọn irin wọ̀nyí, iṣẹ́ wọn parí.

Kí a fi kátálíìsì sí ọkọ̀ nìkan kò tó; ó yẹ kí a mọ ìgbà tí ó kú. Nítorí náà ni Kalifọ́níà ṣe pàṣẹ pé kí àwọn ọkọ̀ ọdún 1988 máa ṣọ́ ara wọn. Nígbà tí ó di 1996, gbogbo ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun tí a ń tà ní Amẹ́ríkà ní láti máa sọ èdè kan náà, lẹ́tà kan àti àmì mẹ́rin. Ẹ jẹ́ kí a yẹ gírámà rẹ̀ wò. Nínú P0420, P dúró fún ẹ́ńjìnnì àti jíà. 0 fi hàn pé ọ̀rọ̀ àjùmọ̀lò ni, kì í ṣe ẹ̀ka-èdè ilé-iṣẹ́ kan. 4 ń tọ́ka sí àwọn ohun tí ń wẹ èéfín mọ́. 20 sì ni ó sọ ọ̀rọ̀ náà gan-an, pé kátálíìsì kò ṣiṣẹ́ tó bí ó ti yẹ.

Inú ọkọ̀ tòkunbọ̀ ni èdè náà gbà dé ọ̀dọ̀ wa, láti èbúté Kútọnu, gba Ìgólò, dé Ìdí-Ìrókò, títí ìjọba àpapọ̀ fi fi òfin de kíkó ọkọ̀ gba orí ilẹ̀ wọlé láti oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2017. Ọ̀pọ̀ kátálíìsì ni epo olójé ti lè pa níhìn-ín nígbà náà, nítorí ìpàdé Dakar ti 2001 ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pinnu pé kí a yọ òjé kúrò nínú epo nílẹ̀ Áfíríkà ní gúúsù Sàhárà, ó sì di 2006 kí ó tó parí. Kò yani lẹ́nu bí àgbà ọ̀gá kan bá ń ka kátálíìsì sí ẹrù lásán títí di òní.

Nígbà tí ó yá, ọkọ̀ oníbátìrì-àti-epo tí a ń pè ní hybrid dé. Toyota Prius jáde ní Japan ní 1997, ó sì dé Amẹ́ríkà ní 2000. Nígbà tí owó ìrànwọ́ orí epo dópin ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, tí lítà kan fò láti iye tí kò tó 200 náírà kọjá 480, ọkọ̀ tí kì í mu epo púpọ̀ di ààyò. Ṣùgbọ́n arúgbó ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, iná ẹ́ńjìnnì a sì máa tàn nínú wọn.

Àwọn baba wa ní ẹnubodè yìí, tí wọ́n ń bá Ègùn ṣe àjọgbé, máa ń sọ pé àgbọ́ìgbọ́tán Ègùn, ìjà ní í dá sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti P0420. Sẹ́ńsọ̀ kan wà níwájú kátálíìsì, òmíràn wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí kátálíìsì bá ń ṣiṣẹ́, ti ẹ̀yìn a máa dúró jẹ́ẹ́. Bí ó bá ń sáré sókè-sódò, kọ̀ǹpútà ọkọ̀ a kọ P0420 sílẹ̀. Ohun tí ó rí nìyẹn. Kò sọ ohun tí ó fà á. Sàlẹ́ńsà tí ó lu lè fa atẹ́gùn wọlé, kí ó da sẹ́ńsọ̀ rú. Sẹ́ńsọ̀ náà lè ti gbó. Ẹ́ńjìnnì lè máa jẹ ọ́ìlì, tàbí kí pulọ́ọ̀gì má tan iná dáadáa. Bí a kò bá sì wo èyí sàn, yóò pa kátálíìsì tuntun bí ó ti pa ti àkọ́kọ́. Bákan náà ni P0171, tí ó ní epo kò tó atẹ́gùn: ó lè jẹ́ pé eruku ọ̀nà wa ni ó bo sẹ́ńsọ̀ tí ń wọn atẹ́gùn, tí fífọ̀ rẹ̀ yóò sì tó.

Ti hybrid tún ṣòro díẹ̀, nítorí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ a máa kú, a sì máa tan fúnra rẹ̀, kátálíìsì kì í sì í ṣiṣẹ́ àfi bí ó bá gbóná dáadáa. Ẹni tí ó bá yẹ̀ ẹ́ wò ní tútù yóò dá ẹjọ́ èké. Bátìrì kékeré rẹ̀ tí ó ti rẹ̀ pẹ̀lú lè mú kí oríṣiríṣi kóòdù yọjú. Nítorí náà, kí a kọ́kọ́ wọn bátìrì, kí a wá ibi tí sàlẹ́ńsà ti lu, kí a tún ẹ́ńjìnnì ṣe, kí a jẹ́ kí ó gbóná, kí a fi sẹ́ńsọ̀ méjèèjì wé ara wọn. Ìgbẹ̀yìn ni kí a tó dá kátálíìsì lẹ́bi. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe eré. Ní 2021, owó rhodium ga ju ti wúrà lọ fíìfíì, àwọn olè sì ń gé kátálíìsì Prius lọ ní Amẹ́ríkà àti ní Bìrìtìkó. Ẹni tí a bá sọ fún pé tirẹ̀ ti kú lè tà á ní ọ̀pọ̀, kí ó sì ra òfo. Bí a bá gé e dànù, tí a sì tan sẹ́ńsọ̀ jẹ kí iná lè kú, èéfín tí ó lé àwọn ará Los Angeles ní omi lójú ni a ń tú sí ọmọ tí ń kiri ọjà lẹ́bàá títì.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nínú ẹ̀kọ́ èdè, a máa ń túmọ̀ ewì àti ìwé ìtàn, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ ìkọ́ṣẹ́ ní Ìlaròó tí ó mú sikánà lọ́wọ́ ń ka ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kúkúrú kan, ó sì ń fi gbogbo owó oníbàárà rẹ̀ lé e lórí. Bí a bá kọ ìtumọ̀ ogún péré nínú àwọn kóòdù wọ̀nyí ní Yorùbá tí ó já gaara, tí a sì kọ ohun tí ó yẹ kí a yẹ̀ wò sí abẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, a ó ti ṣe iṣẹ́ ògbufọ̀ tí ẹnubodè náà ti ń retí.