Ta Lo Mọ̀ Ná?

Àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ òwò máa ń bi mí pé, "Mọ́mì, èló lèèyàn fi ń bẹ̀rẹ̀?" Èmi náà máa ń bi wọ́n pé, ta lo mọ̀ ná? Wọ́n á rò pé mo ń ṣàwàdà ni. Ìtàn tí mo fẹ́ kọ lọ́dún yìí ni ìdáhùn mi.

Ẹ jẹ́ ká lọ sí Gáná. Láti ayé tí wọ́n ṣì ń pè é ní Gold Coast ni àwọn èèyàn wa ti kún ibẹ̀: ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, Ṣakí, Ìgbòho, Ìgbẹ́tì, Ìlọrin. Ìkànìyàn ọdún 1960 ka Yorùbá tó nǹkan bí 100,000 níbẹ̀, òwò ni ọ̀pọ̀ wọn sì ń ṣe. Ṣé gbogbo wọn ló kó owó dání lọ ni? Rárá o. Òyìnbó kan tó ń jẹ́ J. S. Eades wà pẹ̀lú wọn ní Tamale, lápá òkè Gáná, ní 1969. Ó kọ ìtàn wọn sínú ìwé *Strangers and Traders* tó jáde ní 1993. Ẹnì kan á kọ́kọ́ lọ. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ti múlẹ̀, á ránṣẹ́ sílé pé kí àbúrò tàbí ọmọ ẹ̀gbọ́n òun máa bọ̀. Ọmọ yẹn á gbé igbá karí, á máa kiri ọjà fún ọ̀gá fún ọdún púpọ̀, kò sì ní gbowó oṣù. Ṣùgbọ́n bó ti ń kiri ló ń mọ oníbàárà, ló ń mọ ibi tí wọ́n ti ń rajà, tí àwọn tó ń tà lọ́pọ̀ náà sì ń mọ̀ ọ́n lójú. Lọ́jọ́ tí ọ̀gá bá fún un ní owó díẹ̀ pé kó lọ máa dá ṣe, owó yẹn kọ́ ló tóbi jù nínú ohun tó gbà. Wọ́n ti mọ̀ ọ́n ní ọmọ lágbájá, wọ́n á gbọ́jà fún un láwìn. (Ṣebí bẹ́ẹ̀ náà ni ọmọ adẹ́mu ṣe ń jogún oníbàárà bàbá rẹ̀ ní Ìlá níbí.)

Ní November 18, 1969, ìjọba Busia pàṣẹ pé kí gbogbo àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀sẹ̀ méjì péré! Wọ́n ń lu ọjà ní gbàǹjo, gbèsè tí wọ́n ní níta sì bá ibẹ̀ lọ. Ní 1983 àwa náà lé àwọn ará Gáná kúrò níbí. Orúkọ báàgì tí a fi ń di aṣọ ò tíì yí padà dòní.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi wà lára àwọn tó padà wálé. Ìyá Gáná là ń pè é. Ó mú ọmọ bọ̀, ó mú ẹrù díẹ̀ bọ̀, kò sì mọ oníṣòwò kankan nílé mọ́. Obìnrin ará Ìbàdàn kan tí ìsọ̀ wọn jọ kángun síra ní Kumasi ló mú un lọ sí Gbági, ó ní kí wọ́n fún un láṣọ, òun ló dúró fún un. Ibẹ̀ ló ti tún bẹ̀rẹ̀.

Ní 1991 ó mú èmi náà lọ sí ṣọ́ọ̀bù yẹn. "Ọmọ mi rèé. Èmi ni mo dúró fún un." Ìgbà àkọ́kọ́, mo san owó pé. Ìgbà kejì, mo gbé aṣọ ẹbí fún àwọn kan láwìn, wọn ò san. Ojú tì mí, mi ò yọjú sí Gbági fún oṣù mẹ́ta. Ọlọ́jà ò wá mi o. Ìyá Gáná ló ránṣẹ́ sí. Ó kó àjọ rẹ̀, ó san án, kò sì sọ fún mi. Ẹnu ẹlòmíràn ni mo ti gbọ́. Mo dá owó náà padà fún un díẹ̀díẹ̀, ó tó ọdún méjì. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, owó lọ́wọ́ ni wọ́n fi ń tajà fún un níbẹ̀. Èyí tí mi ò rí dá padà nìyẹn.

Ẹni tí kò ní Ìyá Gáná ńkọ́? Nítorí irú wọn ni ẹgbẹ́ bíi tiwa ṣe wà. Ní 1935, lẹ́yìn tí òyìnbó kan tó ń jẹ́ Strickland wá yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, ìjọba ṣe òfin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ní Nàìjíríà. Kí á tó yáni lówó lọ́dọ̀ wa, ọmọ ẹgbẹ́ méjì gbọ́dọ̀ dúró fún un.

Ní ìpàdé tó kọjá, ọmọbìnrin tó ń ta gààrí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà àbáwọjà, tí kì í ṣe ọmọ ìlú yìí, mú fọ́ọ̀mù wá. Mo ti fọwọ́ sí ìlà kìíní. Ìlà kejì ṣì ṣófo. Ọwọ́ mi ni fọ́ọ̀mù náà wà.