Akẹ́kọ̀ọ́ Nọ́ọ̀sì Nínú ICU ní Woolwich àti Thamesmead

Yàrá ìtọ́jú àkànṣe, tí tọmọdé tàgbà ń pè ní ICU, ni wọ́n ń gbé ẹni tó wà lẹ́sẹ̀ kan ayé, ẹsẹ̀ kan ọ̀run lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì tó bá ń gbé Woolwich tàbí Thamesmead ní London, níbi tí àwa Yorùbá ti pọ̀ gan-an, lè bá irú yàrá bẹ́ẹ̀ pàdé ní ilé ìwòsàn Queen Elizabeth, èyí tó ṣí ní 2001 lórí ilẹ̀ tí ilé ìwòsàn àwọn ológun wà tẹ́lẹ̀. NMC, àjọ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, béèrè ó kéré tán wákàtí 2,300 lẹ́nu ìkọ́ṣẹ́. Àjọ náà tún là á kalẹ̀ pé wọn kò gbọdọ̀ ka akẹ́kọ̀ọ́ mọ́ iye òṣìṣẹ́ tó wà lẹ́nu iṣẹ́. Lójú tèmi, òfin kejì yìí ni bí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ń mọ́ra ní ICU rọ̀ mọ́, kì í ṣe bí àyà rẹ̀ ṣe le tó.

Ẹni tó bá kọ́kọ́ wọ ICU máa ń wo ẹ̀rọ ju aláìsàn lọ. Aago ìkìlọ̀ ń dún níhìn-ín, nọ́ńbà ń yí padà lọ́hùn-ún, kò sì mọ èyí tó léwu nínú wọn. Nínú ìwé tí nọ́ọ̀sì Patricia Benner ti Amẹ́ríkà ṣe ní 1984, ó ṣàlàyé pé òfin tí wọ́n kọ́ ọ nìkan ni ẹni tuntun gbójú lé. Bó bá ti ń rí aláìsàn kan tẹ̀ lé òmíràn ni ojú rẹ̀ ń là. ICU sì lè jẹ́ ilé ẹ̀kọ́ àtàtà fún èyí, nítorí ìlànà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni pé kí nọ́ọ̀sì kan dúró ti aláìsàn kan tí ẹ̀rọ ń bá mí. Àwọn kan ní ibẹ̀ ti le jù fún ẹni tí kò tíì gboyè, ṣùgbọ́n ìtàn kò gbè wọ́n. Nígbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ jà ní Copenhagen ní 1952, dókítà Bjørn Ibsen ní kí wọ́n máa fọwọ́ tẹ àpò afẹ́fẹ́ fún àwọn tí kò lè dá mí. Nǹkan bí 1,500 akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ló pín iṣẹ́ náà ṣe tọ̀sán-tòru, láti inú rẹ̀ sì ni ICU òde òní ti hù. Iṣẹ́ kan pàtó ni wọ́n gbé lé ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́, àwọn tó mọṣẹ́ sì wà nítòsí.

Àtakò tó wúwo jù sí òfin pé kí wọ́n má ka akẹ́kọ̀ọ́ mọ́ òṣìṣẹ́ ni ti àìtó òṣìṣẹ́: bí ọwọ́ kò bá tó, kí ló dé tí ẹnì kan á fi máa wòran? Ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n fi dí àlàfo á mọ bí wọ́n ṣe ń yí aláìsàn lórí bẹ́ẹ̀dì, kò ní mọ ìdí tí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ aláìsàn náà fi já wálẹ̀ lẹ́yìn náà. Ti ọmọ Yorùbá tún yàtọ̀. Wọ́n ti tọ́ ọ pé ọmọdé kì í já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ àgbà lẹ́nu, ICU sì ń fẹ́ ẹni tó lè ní kí dókítà àgbà tún ìwọ̀n oògùn yẹ̀ wò. Ìlànà NMC ti 2018 ràn án lọ́wọ́: ẹni tó ń tọ́ ọ sọ́nà lójoojúmọ́ kọ́ ni yóò sọ bóyá ó yege, nítorí náà kò yẹ kó bẹ̀rù àtisọ̀rọ̀ níwájú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ owó náà tún ń dá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lágara. Owó ìrànwọ́ £5,000 lọ́dún tí ìjọba mú wá fún wọn ní 2020 kò tó owó ilé ní London. Ẹni tó ti ṣiṣẹ́ òru nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó, tó wọ bọ́ọ̀sì wá láti Thamesmead láàárọ̀, ẹ̀kọ́ kò lè wọ̀ ọ́ létí. Ohun kan tún kù: lẹ́yìn ikú àkọ́kọ́ tó bá ṣojú akẹ́kọ̀ọ́, ó yẹ kí ẹni tó ń tọ́ ọ jókòó tì í kó tó lọ sílé, kí wọ́n sì ti ka àkókò náà mọ́ wákàtí iṣẹ́, torí bí wọn kò bá kà á, kò ní í wáyé.